Ọjà Ọ̀pọ̀ àti Ọwọ́ Mímọ́

Ìbéèrè kan wà tí a fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin olùkàwé wa ní oṣù yìí, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tí a fi ìwé owó ẹgbẹ́ lé lọ́wọ́. Bí ohun kan bá ń ta ní owó ńlá níbi gbogbo, tí ẹnìkan sì dé tí ó ń ta irú rẹ̀ gan-an ní ìdá kan nínú ogún owó náà, tí ohun náà sì ń ṣiṣẹ́ dáradára lójú ẹni tí ó rà á, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹni náà máa yọ̀ pé òun rí ọjà ọ̀pọ̀, tàbí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè ibi tí ọlọ́jà náà ti rí i? Ẹlòmíràn yóò wí pé, "Tèmi ni kí n rà, bí ó ti ṣe rí i kò kàn mí." Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí ó rọrùn lẹ́nu ju bí ó ti rọrùn nínú ọkàn lọ.

Ọjà tí a ní lọ́kàn jẹ́ ọjà tí àwọn baba wa kò mọ̀, ṣùgbọ́n tí ó ti dé ìletò wa. Láti Mọníyà dé Lálúpọn, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Akanran, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, oníkẹ́míìsì, olùsìn adìẹ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ó ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò wọn. Kọ̀ǹpútà kò sì lè dá ṣiṣẹ́. Ètò tí a kọ sínú rẹ̀ ni ó ń mú un ṣiṣẹ́, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní sọ́fítíwíà. Ọ̀kan wà fún ìwé títẹ̀, òmíràn wà fún ìṣirò owó, òmíràn fún èsì ìdánwò. Àwọn tí ó kọ ètò wọ̀nyí a máa gba owó kí wọ́n tó fún ni ní àṣẹ láti lò ó, wọn a sì máa fi àmì kan fún ẹni tí ó san owó. Ti ilé-iṣẹ́ Microsoft jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 25 tí a tò pọ̀. Àmì yìí ni a ń pè ní kọ́kọ́rọ́. Nísinsìnyí, àwọn kan wà tí wọn kì í ṣe aṣojú ilé-iṣẹ́ kankan, tí wọ́n ń ta kọ́kọ́rọ́ wọ̀nyí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nínú WhatsApp, àti ní ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ní owó pọ́ọ́kú. Ọ̀rọ̀ náà tún gbóná sí i láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú gbogbogbòò tí ó ń ṣe fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù October 2025, tí àwọn ènìyàn fi ní láti máa wá ètò titun.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń rà. Ẹni tí ó ra ọkọ́ tàbí àdá ti gba ohun náà pátápátá. Ó lè tà á, ó lè fi ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ, ọmọ rẹ̀ sì lè jogún rẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó súnmọ́ ilẹ̀ oko tí àlejò gbà lọ́wọ́ onílẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ ìṣákọ́lẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó ń san án lè gbin iṣu, ó lè gbin àgbàdo, ṣùgbọ́n kò lè ta ilẹ̀ náà. Bí onílẹ̀ kò bá sì yọ̀ǹda, kò gbọdọ̀ gbin igi tí yóò pẹ́ bí kòkó. Bí ó bá tà á, ẹni tí ó rà á kò ra nǹkan kan bí kò ṣe ìyọnu. A sì mọ èyí tí ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ ní àgbègbè wa: ọmọ ẹbí kan yóò ta ilẹ̀ ẹbí láìjẹ́ kí mọ́gàjí àti àwọn àgbà ẹbí gbọ́ sí i. Òfin kò ka irú títà bẹ́ẹ̀ sí nǹkan kan bí olórí ẹbí kò bá sí nínú rẹ̀. Ẹni tí ó rà á lè ní ìwé, ó lè ní rìsíìtì, ó lè ní ẹlẹ́rìí mẹ́wàá. Ohun tí kò ní ni àṣẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kọ́kọ́rọ́ kọ̀ǹpútà rí: kọ́kọ́rọ́ ni ìwé, àṣẹ ni ilẹ̀.

Níbo, nígbà náà, ni kọ́kọ́rọ́ owó pọ́ọ́kú ti ń wá? Èkíní, ilé-iṣẹ́ ńlá tàbí yunifásítì a máa gba kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo tí ó lè ṣí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà. Ẹnìkan yóò jí i, yóò sì tà á fún ènìyàn púpọ̀, olúkúlùkù wọn yóò sì rò pé tòun nìkan ni. Èkejì, a máa ń dín owó ètò kù fún akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́. Àwọn kan yóò yí i padà, wọn yóò sì tà á fún oníṣòwò tí kò ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀dínwó náà. Ẹ̀kẹta ni kọ́kọ́rọ́ tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà kan láti ibi tí a ti ṣe é, tí a wá ṣí kúrò lára rẹ̀ nígbà tí ó kú. Ẹ̀kẹrin, olè yóò fi káàdì báńkì tí ó jí ra kọ́kọ́rọ́, yóò sì yára tà á kí ẹni tí ó ni káàdì tó fura. Ẹ̀karùn-ún, èyí tí ó burú jù, kì í tilẹ̀ ṣe kọ́kọ́rọ́ rárá. Ètò kékeré kan ni, tí ó ń tan kọ̀ǹpútà jẹ, kí ó lè gbà pé a ti san owó tí a kò san.

Àwọn kan yóò wí pé, "Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, ó dára." Ẹ jẹ́ kí a fi ẹjọ́ kan tí a dá ní ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 2024 dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ilé-iṣẹ́ Avaya a máa ṣe ètò tẹlifóònù fún àwọn oníṣòwò, a sì máa ta àṣẹ ìlò rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ kọ́kọ́rọ́. Òṣìṣẹ́ kan, tí a fi ìtọ́jú àwọn oníbàárà lé lọ́wọ́, fi agbára ipò rẹ̀ ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ́kọ́rọ́ tí kò sí ẹni tí ó pàṣẹ rẹ̀, ó sì ń tà wọ́n fún àwọn alátúntà, tí àwọn náà ń tà wọ́n fún oníṣòwò káàkiri ayé ní owó tí ó rẹlẹ̀ sí ti ọjà. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ṣírò pé iye tí kọ́kọ́rọ́ wọ̀nyí ìbá mú wá ní ọjà òtítọ́ ju mílíọ̀nù 88 dọ́là lọ. Ẹ̀wọ̀n ọdún 4 ni a rán òṣìṣẹ́ náà. Kí ẹ sì kíyèsí èyí: àwọn kọ́kọ́rọ́ náà ń ṣiṣẹ́. Inú ilé-iṣẹ́ náà gan-an ni a ti ṣe wọ́n, wọ́n sì ń ṣí ilẹ̀kùn bí ti ẹni tí ó san owó. Pé kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn kò fi hàn pé ẹni tí ó dì í mú ni onílé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ewu tí ó kan ẹni tí ó rà á. Kọ́kọ́rọ́ tí a jí lè ṣiṣẹ́ lónìí, kí ilé-iṣẹ́ tí ó ni í rí i ní oṣù kẹta, kí ó sì sé e. Ẹni tí ó tà á kò ní àdírẹ́sì. Nọ́ńbà tẹlifóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Owó ti lọ, iṣẹ́ sì ti dúró. Ṣùgbọ́n òfò owó ni ó kéré jù. Àwọn ètò atannijẹ tí a mẹ́nu bà yìí sábà máa ń béèrè pé kí a kọ́kọ́ pa ètò tí ó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó lè wọlé. Ǹjẹ́ àlejò rere wo ni ó dé ẹnu ọ̀nà rí tí ó ní kí a kọ́kọ́ so ajá mọ́lẹ̀, kí a sì pa àtùpà? Nígbà púpọ̀ ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ń gbé olè wọlé, tí yóò máa kó ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì àti ìwé àṣírí ní ìkọ̀kọ̀.

Ewu mìíràn tún wà tí ojú kò tètè rí. Ní ọjọ́ 12 oṣù May 2017, àrùn kọ̀ǹpútà kan tí a ń pè ní WannaCry bẹ́ sílẹ̀. Ó ti ìwé inú kọ̀ǹpútà pa, ó sì ń béèrè owó ìràpadà. Ó dé orílẹ̀-èdè tí ó ju 150 lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kan nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn àjọ tí ń ṣàkóso ilé ìwòsàn ìjọba, tí a fi ní láti sún ọjọ́ ìtọ́jú ọ̀pọ̀ aláìsàn síwájú. Bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Microsoft ti gbé oògùn rẹ̀ jáde láti oṣù March ọdún kan náà. Kì í ṣe pé àwọn tí ó kàn ń lo ètò tí a jí. Wọn kò fi oògùn sí i ní àkókò ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ẹ̀kọ́ náà bá wa. Ètò kọ̀ǹpútà dàbí ilé tí a fi koríko bo: àtúnṣe ọdọọdún ni ó ń mú un dúró. Ẹni tí ó mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ òun kò mọ́ a máa bẹ̀rù àtúnṣe, kí ilé-iṣẹ́ má baà rí i. Ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ọ̀nà tí oògùn ìbá gbà wọlé. Báyìí ni ẹni tí ó fi ara pamọ́ fún onílé ṣe ń ṣí ara sílẹ̀ fún olè.

Bí ó bá ṣe pé ẹni tí ó rà á nìkan ni yóò jìyà rẹ̀, à bá lè wí pé kí ó lọ jẹ ohun tí ó gbìn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ro ti akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà, nọ́ńbà báńkì wọn, iye tí ìyá aláta ti ń dá láti ọdún mẹ́fà, iye tí bàbá àgbẹ̀ jẹ, àti iye tí ó ti san. Bí ìwé yìí bá parẹ́, ta ni yóò wí fún ìyá náà iye tí ó jẹ́ tirẹ̀? Kò rí kọ́kọ́rọ́ náà, a kò fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ̀ ọ́, síbẹ̀ òun ni yóò pàdánù. Akọ̀wé rò pé òun fi owó pamọ́ fún ẹgbẹ́. Ohun tí ó ṣe ni pé ó fi dúkìá ẹlòmíràn ta tẹ́tẹ́ láìgba àyè lọ́wọ́ wọn. Òfin ààbò ìsọfúnni ti ilẹ̀ Nàìjíríà, tí Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù June 2023, sì ti fi í ṣe ojúṣe ẹni tí ó kó ọ̀rọ̀ nípa ẹlòmíràn jọ pé kí ó dáàbò bò ó. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó di ìwé àwọn ọmọ mú kò yàtọ̀.

Ó yẹ kí a ṣe ìdájọ́ òdodo, kí a má ṣe pe gbogbo alátúntà ní olè. Àwọn adájọ́ pàápàá kò fi ẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù September 2010, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ Autodesk àti ọkùnrin kan tí ó ra ètò rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ti lò ó, tí ó sì fẹ́ tún un tà. Ilé ẹjọ́ náà wí pé àṣẹ ìlò ni ẹni àkọ́kọ́ gbà, kì í ṣe pé ó ni ètò náà, nítorí náà kò ní ohun tí ó lè tà. Ní ọjọ́ 3 oṣù July 2012, ilé ẹjọ́ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gba ọ̀nà mìíràn nínú ẹjọ́ UsedSoft àti Oracle. Ó ní ẹni tí ó ti san owó fún àṣẹ tí kò ní òpin lè tún un tà, bí ó bá ti pa ti ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ pín àṣẹ tí a fún ọ̀pọ̀ ènìyàn pọ̀ sí wẹ́wẹ́, kí ó máa ta èyí tí ó ṣẹ́kù. Ìdáhùn wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni ilé ẹjọ́ méjèèjì béèrè: kí ni ẹni yìí ní lọ́wọ́, tí ó fi lè tà á? Bí àwọn adájọ́ bá béèrè rẹ̀ tọkàntọkàn, a kò lè ní kò kàn wá. Ní ilẹ̀ tiwa, òfin ọdún 1988 ti ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ ìwé kíkọ tí a ń dáàbò bò fún ẹni tí ó kọ ọ́. Òfin tí ó rọ́pò rẹ̀, tí a ń pè ní ti 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù March 2023, dì í mú bẹ́ẹ̀, ó sì tún ka fífọ́ ìdènà tí oníṣẹ́ fi yí iṣẹ́ rẹ̀ ká sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi ṣẹ̀sín. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan ní abúlé yóò wí pé, "Àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí lọ́rọ̀ ju ìjọba wa lọ, dọ́là ni wọ́n fi ń dá owó lé ọjà wọn, níbo ni kí n ti rí i?" Òtítọ́ ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù June 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní ojú owó ìjọba. Ní ọdún 2024 ó ti kọjá ₦1,500. Ètò tí a lè rà ní nǹkan bí ₦50,000 di ohun tí ó ju ₦150,000 lọ, láìjẹ́ pé ẹni tí ó ń tà á fi kọ́bọ̀ kan lé e. Ẹni tí ó bá ń bá òtòṣì wí láìmẹ́nu ba èyí kò mọ ohun tí ó ń sọ.

Síbẹ̀, àìní lè mú kí ẹ̀bi fúyẹ́, ṣùgbọ́n kì í sọ ohun olóhun di tiwa, pàápàá nígbà tí ọ̀nà mímọ́ ṣí sílẹ̀. Ọ̀nà náà sì ṣí. Láti ọdún 2010 ni àwọn kan ti parapọ̀ ṣe LibreOffice, tí ó ń tẹ ìwé, tí ó sì ń ṣe ìṣirò. GnuCash wà fún ìwé owó. Ubuntu, tí ó ti wà láti ọdún 2004, tí a sì fi èdè gúúsù Áfíríkà sọ lórúkọ, lè dúró ní ipò Windows. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, kì í sì ṣe ọ̀fẹ́ olè: àwọn tí ó ṣe wọ́n ni ó ní kí a máa lò wọ́n, kí a sì fún aládùúgbò wa. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ọwọ́ tó mọ́ wọn lára. Àwọn àgbà wí pé ẹ̀wù àyálò kì í yẹ ni, bí kò fún ni lápá, a ṣo ni lọ́rùn; ohun ẹni ní í yẹ ni. Bí a bá sì ní ilé-iṣẹ́ òkèèrè lọ́rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òfò kò lè dùn ún, kí a rántí àwọn ọmọ tiwa. Àwọn ilé-iṣẹ́ wà ní Nàìjíríà, bí SystemSpecs tí ó ṣe HumanManager fún ìwé owó oṣù, tí wọ́n ń kọ ètò fún títà. Ta ni yóò san owó fún ètò tí ọmọ Ìbàdàn kọ, nígbà tí ó lè rí ti Amẹ́ríkà ní ₦3,000 lọ́wọ́ alárìnkiri? Ohun tí a jí lọ́wọ́ olówó ni ó ń gba oúnjẹ lẹ́nu òtòṣì tí ó ń ta irú rẹ̀.

Ó kù kí a dá ìbéèrè wa àkọ́kọ́ lóhùn. Oríṣi mẹ́ta ni ẹni tí ń ra ọjà yìí. Èkíní san owó tí ó bá ti ọjà mu, ní ṣọ́ọ̀bù gbangba, ó gba rìsíìtì, a sì tàn án jẹ. Ẹni yìí kò jalè. A jà á lólè ni. Ohun tí ó kù fún un ni kí ó tún un ṣe nígbà tí òtítọ́ bá yé e. Ẹ̀kẹta mọ ibi tí ọjà ti wá, ó sì rà á. Ìdájọ́ rẹ̀ kò le. Àárín ni ọ̀pọ̀ wa wà: ẹni tí kò mọ̀, ṣùgbọ́n tí ó rí owó náà, tí ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé kí ó béèrè, tí kò sì béèrè. Ó ní, "N kò mọ̀." A wí pé àìbéèrè rẹ̀ ni ìdáhùn rẹ̀. Ẹni tí ó gbà pé inú mọ́ kì í bẹ̀rù àtiwo inú. Ó mọ̀ tó láti mọ̀ pé bí òun bá béèrè, òun kò ní lè rà á mọ́.

Àwọn baba wa ti rí i. Wọ́n ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Àwọn ọmọdé a máa rò pé òwe yìí le jù. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ilé ti rí: ẹni tí ó wà lókè àjà kò lè gbé ìkòkò epo sọ̀kalẹ̀ ní òun nìkan kí ó má dànù. Ó di ìgbà tí ẹnìkan bá na ọwọ́ nísàlẹ̀. Bí gbogbo ọwọ́ ìsàlẹ̀ bá ká kò, epo yóò wà lájà. Àwa tí ó ń rà ni ọwọ́ ìsàlẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹni tí yóò ra ètò fún ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́ béèrè ohun wọ̀nyí. Ta ni ó fún ọ ní àṣẹ láti tà á, ǹjẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é yóò sì jẹ́rìí sí ọ? Ǹjẹ́ ìwé owó yóò jáde ní orúkọ ẹgbẹ́ wa? Ǹjẹ́ àṣẹ náà wà fún oníṣòwò, tàbí fún akẹ́kọ̀ọ́? Bí ẹni tí ó ń fi í sínú ẹ̀rọ bá ní kí a pa ètò tí ń ṣọ́ ọ, kí a ní kí ó gbé ọwọ́ kúrò. Kí ìgbìmọ̀ kọ ohun tí a rà sínú ìwé ìpàdé, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lè rí i. Ẹni tí ó bá sì ti ń lo èyí tí kò mọ́, kí ó má ṣe dúró de ọjọ́ òfò. Kí ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ìwé rẹ̀ síbi mìíràn, kí ó yọ ètò náà kúrò, kí ó pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ gbogbo, kí ó sì bọ́ sí ọ̀nà ọ̀fẹ́ tí ó mọ́ títí owó yóò fi tó.

Ẹ̀yin olùkọ́ ni a fẹ́ bá sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Bí ọmọ bá wo ìwé ẹnìkejì rẹ̀ nínú ìdánwò, a ń bá a wí, a kò sì ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n bí ìwé ìdánwò náà bá ti inú ẹ̀rọ tí a fi àṣẹ jíjí ṣí jáde, tí ọmọ tí ó mọ kọ̀ǹpútà jù wá lọ sì rí i, ẹ̀kọ́ méjì ni a kọ́ ọ ní ọjọ́ kan, èyí tí ó sì fi ojú rí ni yóò bá a dàgbà. Ẹ béèrè kí ẹ tó rà.